Mo fẹ́ ₦150,000 lóṣooṣù láti ara èrè ṣíà: ṣé bí mo ṣe fẹ́ tò ó yìí dáa?

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ₦6,000,000 tó kàn jókòó sí báńkì, mo sì lè máa fi ₦100,000 kún un lóṣooṣù. Ohun tí mò ń wá ni kí dividend, ìyẹn èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín fún àwọn oníṣíà, máa fún mi ní ₦150,000 lóṣù láìfọwọ́ kan ojú owó. Wọ́n fi àtẹ kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, wọ́n to àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lórí NGX (ọjà ṣíà Nàìjíríà) láti orí èyí tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Báńkì méjì ló wà lókè, wọ́n kọ 12% síwájú wọn. Èrò mi ni kí n pín owó náà sí méjì ọgbọọgba, kí n fi ra àwọn méjèèjì. Ṣé owó yìí tó? Ṣé oṣooṣù ló ń wọlé? Kí ló lè dà á rú?

AlágbàtàMàrínà:

Ẹ káàbọ̀, mà. Kò tó. Kì í ṣe oṣooṣù. Ohun tó lè dà á rú pọ̀, àwọn tó kù á sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ìṣirò ni kí n mú, torí òun ni kò gba àríyànjiyàn.

₦150,000 lóṣù jẹ́ ₦1,800,000 lọ́dún. Kí dividend tó dé àkáǹtì yín, wọ́n á ti yọ owó orí 10% kúrò níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yọ ọ́, ẹ kò ní lọ san án níbikíbi. Nítorí náà, ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kéde fún yín lọ́dún ni ₦2,000,000. Tí àpapọ̀ ṣíà yín bá ń mú 8% wá, ₦25,000,000 ni ẹ nílò. Tó bá jẹ́ 6%, ó ti di ₦33,300,000 àti díẹ̀ sí i.

₦6,000,000 tó wà lọ́wọ́ yín, ní 8%, á kéde ₦480,000. Ẹ yọ owó orí, ó ku ₦432,000, ìyẹn ₦36,000 lóṣù. Ibi tí ẹ dúró sí lónìí nìyẹn.

Ẹ wá wo ọ̀nà méjì. Tí ẹ bá ń fi ₦100,000 kún un lóṣooṣù, tí gbogbo dividend tó bá wọlé sì ń padà lọ ra ṣíà, á gbà yín tó ọdún 9 kí ẹ tó dé ₦25,000,000, ká ní iye ṣíà dúró sójú kan. Tí ẹ bá ń ná dividend náà, tó jẹ́ ₦100,000 yín nìkan ló ń wọlé, ó di nǹkan bí ọdún 16. Ọdún 7 ló wà láàárín méjèèjì, owó tó ń jáde lápò yín lóṣooṣù kò sì yàtọ̀. Èrè tó ń bí èrè ló mú un kúrú.

Ohun kan kò dùn mọ́ ìṣirò yìí o. Tí ọ̀wọ́ngógó bá jẹ́ 15% lọ́dọọdún fún ọdún 9 yẹn, ohun tí ₦150,000 máa rà nígbà náà kò ju ohun tí ₦43,000 ń rà lónìí. Nítorí náà, kì í ṣe iye owó nìkan là ń wá. À ń wá ilé iṣẹ́ tí dividend rẹ̀ ń ga, ₦100,000 tí ẹ ń fi sílẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ máa ga bí owó tó ń wọlé fún yín bá ń ga.

Òǹkàwé_Yábàá:

Kí n gba ibi tí ọ̀gá parí ọ̀rọ̀ sí, kí n fà á wá sórí àtẹ WhatsApp yẹn. Mà, ẹ pa á rẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń rí 12% yẹn ni pé wọ́n á mú dividend tí ilé iṣẹ́ san lọ́dún tó kọjá, wọ́n á pín in pẹ̀lú iye tí ṣíà ń tà lónìí. Owó àná lókè, iye òní nísàlẹ̀. Tí ọjà bá ti fura pé ilé iṣẹ́ náà kò ní lè san owó mọ́, àwọn èèyàn á máa tà, iye ṣíà á máa wálẹ̀, 12% náà á wá di 15% lórí àtẹ. Bí ara ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣàìsàn tó, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ ń yìn ín tó.

Ẹ wo MTN Nigeria. Fún ọdún 2022, ó san ₦5.60 láàárín ọdún, ó tún san ₦10 ní ìparí, àpapọ̀ ₦15.60 lórí ṣíà kan. Ẹni tó bá fi ₦15.60 yẹn tò ètò ìgbésí ayé rẹ̀ jìyà. Ní oṣù Kẹfà 2023, wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 kọjá ₦900 kí ọdún tó parí. Ilé iṣẹ́ náà jẹ gbèsè ní dọ́là, owó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n háyà náà so mọ́ dọ́là. Ó san ₦5.60 láàárín ọdún 2023, kò san ìparí, kò sì san kọ́bọ̀ fún ọdún 2024. Ọdún 2025 ló tó padà wá pẹ̀lú ₦5. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó dẹ́kun àtira dátà o. Ọjà ń lọ, dividend kò sí, torí òfin ilé iṣẹ́ kò gbà kí wọ́n san dividend níbi tí kò bá ti sí èrè tó ṣeé pín. Àdánù ti gbé èyí tí wọ́n kó jọ mì. Nestlé Nigeria náà ṣe àdánù ńlá lọ́dún 2023 nítorí ohun kan náà.

Ohun tí ẹ máa wò dípò àtẹ wà nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún, ọ̀fẹ́ ni lórí ojúlé NGX. Ẹ wá èrè lórí ṣíà kan, ẹ wá dividend lórí ṣíà kan, kí ẹ pín èkejì pẹ̀lú èkíní. Tí ilé iṣẹ́ bá jèrè ₦10 lórí ṣíà kan tó san ₦4, ó ṣì ní ibi tó lè fẹ̀yìn tì tí ọdún kan bá le. Tó bá jèrè ₦10 tó san ₦9.80, ẹ̀fúùfù díẹ̀ ló máa gbé e ṣubú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ìwé tó ń sọ nípa owó gidi tó wọlé láti inú iṣẹ́, kì í ṣe èrè orí ìwé. Tí owó gidi yẹn kò bá tó dividend tí wọ́n san, gbèsè ni wọ́n fi san án. Ìkẹta, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ gbèsè ilẹ̀ òkèèrè sí. Ọdún 5 sẹ́yìn ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọdún kan.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó:

Ẹ má dẹ́rù ba ìyá wa jù. Zenith san ₦3.10 fún 2021, ₦3.20 fún 2022, ₦4 fún 2023, ₦5 fún 2024. GTCO san ₦3.20 fún 2023, ó fò sókè sí ₦8.03 fún 2024. Kí lẹ tún ń wá? Àwọn báńkì ló ń sanwó lórílẹ̀-èdè yìí. Kí wọ́n ra méjèèjì, kí wọ́n lọ sùn.

Òǹkàwé_Yábàá:

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo iye tí ẹ kọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mi ò ní kí wọ́n má ra báńkì. Ohun tí mo sọ ni pé kí báńkì má jẹ́ gbogbo rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni pé báńkì ní ọ̀gá kan tó lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo ti ìlẹ̀kùn dividend pa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, CBN sọ fún wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi èrè tó tìdí dídínkù náírà wá san dividend. Ní 13 oṣù Kẹfà 2025, CBN tún kọ̀wé pé báńkì èyíkéyìí tó bá ṣì wà lábẹ́ ìdẹ̀ra, ìyẹn àyè tí CBN fún wọn, lórí gbèsè tó bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ san dividend títí dìgbà tó bá jáde níbẹ̀. Báńkì tó ń jèrè ni o, kì í ṣe èyí tó ń kú lọ.

Ẹ tún rántí owó ìpìlẹ̀ tuntun tí CBN ní kí báńkì ní, èyí tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹta 2024: ₦500 bílíọ̀nù fún báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, kó tó di 31 oṣù Kẹta 2026. Bí wọ́n ṣe rí owó yẹn ni pé wọ́n tẹ ṣíà tuntun. Àkàrà kan náà, ẹnu tó fẹ́ jẹ ẹ́ ti pọ̀ sí i. Bí èrè báńkì bá ga ní 30% tí ṣíà tó wà níta náà sì pọ̀ sí i ní 30%, dividend lórí ṣíà kan kò kúrò níbi tó wà.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó:

Mo gbà fún yín níbẹ̀. Mélòó wá ni kí báńkì jẹ́?

Òǹkàwé_Yábàá:

Èrò tèmi: ilé iṣẹ́ 7, kí báńkì má ju 2 nínú wọn, kí ilé iṣẹ́ kankan má ju 15% owó ṣíà lọ. Àwọn tó kù kí wọ́n wá láti ìdí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: símẹ́ńtì, epo pupa bíi Okomu àti Presco, epo rọ̀bì bíi Seplat tó ń kéde dividend ní dọ́là ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, oúnjẹ, tẹlifóònù. Epo rọ̀bì àti epo pupa wúlò fún ìdí kan pàtó: nígbà tí náírà bá wálẹ̀, ohun tó ń pa MTN ló ń gbé wọn ga.

Kí ẹ sì má tan ara yín jẹ pé dividend tó dúró gbọingbọin dára. Dangote Cement san ₦20 fún 2022, ₦30 fún 2023, ₦30 fún 2024. Ọ̀wọ́ngógó ní oṣù Kejìlá 2024 jẹ́ 34.80%. Ẹni tó gba ₦30 lẹ́ẹ̀mejì yẹn, èyí tó gbà lẹ́ẹ̀kejì kéré.

AlágbàtàMàrínà:

Ẹ jẹ́ kí n dá ọjọ́ sí i, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù dividend tí wọ́n rò pé wọ́n ti rà.

Tí ilé iṣẹ́ bá kéde dividend, ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń wà nínú ìkéde náà. Èkíní ni qualification date: orúkọ yín gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé orúkọ àwọn oníṣíà lọ́jọ́ yẹn. Èkejì ni ọjọ́ tí wọ́n ti ìwé pa. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ tí owó ń wọlé. Ti ìparí ọdún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ ìpàdé àwọn oníṣíà kọjá. Ìpàdé lè dín in kù, kò lè fi kún un. Ti àárín ọdún kò dúró de ìpàdé.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé. Ṣíà tí ẹ rà lónìí kò di tiyín nínú ìwé lónìí. Láti 28 oṣù Kọkànlá 2025, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ló ń gbà. Mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Tí qualification date bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́rú ni ìparí. Ẹni tó rà ní Ọjọ́bọ̀ ti pẹ́. Ẹ tún ka ìsinmi sí i: tí ọjọ́ Iléyá bá há sáàárín, ọjọ́ náà kò jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kó fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀.

Ẹ má sì ra ṣíà nítorí dividend tó ń bọ̀ lọ́la nìkan. Ṣíà tó wà ní ₦60, tó fẹ́ san ₦4, á wálẹ̀ sí agbègbè ₦56 nígbà tí ẹ̀tọ́ dividend bá ti kúrò lára rẹ̀. Ẹ gba ₦4, wọ́n yọ 40 kọ́bọ̀ owó orí, ẹ tún ti san owó àtirà. Ẹ ti wà nínú gbèsè kí owó tó wọlé.

Owó àtirà náà rèé: owó iṣẹ́ alágbàtà lè dé 1.35%, owó SEC (àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ṣíà) 0.3%, VAT lórí owó iṣẹ́ wa. Ẹ pè é ní nǹkan bí 1.8% nígbà tí ẹ bá ń rà, ó sì lé ní 2% nígbà tí ẹ bá ń tà. Ẹni tó bá ń rà tó ń tà káàkiri lọ́dún, ó lè san ìdajì dividend rẹ̀ fún wa. A dúpẹ́ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ wá ṣe nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù_ni_Gbogbo_Ẹ̀:

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ tán, kò tíì sẹ́ni tó sọ bí owó ṣe máa dé àkáǹtì. Ṣíà dáadáa pẹ̀lú e-dividend tí kò pé, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń ní kí wọ́n san dividend tààrà sí àkáǹtì báńkì yín, òfo ni.

Registrar ni àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn oníṣíà fún ilé iṣẹ́. Alágbàtà kọ́ ló ń san dividend, NGX kọ́, registrar ni. Ilé iṣẹ́ 7 lè ní registrar 4, registrar kọ̀ọ̀kan sì ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ohun tó dára ni pé fọ́ọ̀mù kan ń kó gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ registrar yẹn. Ẹ kàn máa fàmì sí àwọn tí ẹ ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Sùúrùlérè kò ní láti sọdá sí Erékùṣù Èkó fún gbogbo rẹ̀: Meristem Registrars wà ní Yábàá, Africa Prudential wà lójú Ikorodu Road ní Palmgrove. Ọ̀pọ̀ báńkì náà ń gba fọ́ọ̀mù yẹn ní ẹ̀ka wọn.

Ojú ìwé kan ni. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe lórí rẹ̀:

Orúkọ. Bó ṣe wà ní BVN ni kó wà ní àkáǹtì báńkì, kó sì wà ní CSCS, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà gbogbo èèyàn sí lórí kọ̀ǹpútà. Tí báńkì bá ní orúkọ mẹ́ta tí CSCS sì ní méjì, fọ́ọ̀mù á padà wá. Obìnrin tó ṣí CSCS kó tó lọ sílé ọkọ, tó wá ń lo orúkọ ọkọ ní báńkì, kò ní rí owó kankan títí tó fi mú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra lọ yí orúkọ padà.

Ọjọ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì. Àpótí kékeré kan ni, gbogbo èèyàn ló ń fò ó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì, kí ẹ kọ ọ́.

Òǹtẹ̀ báńkì. Ó gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí. Òǹtẹ̀ láìsí ìfọwọ́sí kò wúlò.

Ìfọwọ́sí tiyín. Bí ẹ ṣe fọwọ́ sí i nígbà tí ẹ ra ṣíà ni kí ẹ fọwọ́ sí i báyìí. Ẹni tó ti yí ọwọ́ padà ní ogún ọdún gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá.

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:

Háà, ẹ ṣeun gan-an. Ó jọ pé ìwé ẹ̀rí ṣíà àtijọ́ kan wà nínú àpótí bàbá àwọn ọmọ, ti báńkì, nǹkan bí 2007. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣé ó ti parí?

Fọ́ọ̀mù_ni_Gbogbo_Ẹ̀:

Kò parí, mà. Ẹ mú ìwé náà lọ fún alágbàtà, ẹ gba fọ́ọ̀mù tí a fi ń gbé ìwé ẹ̀rí wọ CSCS. Registrar á yẹ ìfọwọ́sí wò, tó bá bá ohun tó wà lọ́wọ́ wọn mu, ṣíà á hàn nínú àkáǹtì CSCS. Tí báńkì yẹn bá ti darapọ̀ mọ́ òmíràn, iye ṣíà á yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí ìwé. Ẹ béèrè ìṣirò wọn. Ìwé náà gbọ́dọ̀ wọ orúkọ ẹni tó ni ín. Tó bá wà láyé, òun ni kó fọwọ́ sí i. Tí kò bá sí mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ ogún ní ilé ẹjọ́ gíga kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Dividend àtijọ́ náà ṣì wà. Òfin ìnáwó ọdún 2020 sọ pé dividend tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà fún ọdún 6 á lọ sínú àpò ìjọba kan fún owó tí a kò gbà, ṣùgbọ́n gbèsè ni fún ìjọba, ẹni tó ni ín lè béèrè fún un. Ẹ má ṣe jẹ́ kó débẹ̀, torí ọ̀nà àtigbà á á gùn.

Ìyálé_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́tà:

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. Èmi á mú ìbéèrè kejì ÌyáÌbejì, ti oṣooṣù, torí ẹ kò ṣàlàyé rẹ̀.

Àwọn báńkì máa ń san ìparí ọdún láàárín oṣù Kẹta sí Karùn-ún, àárín ọdún láàárín oṣù Kẹjọ sí Kẹwàá. Dangote Cement, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nítorí náà, tí ẹ bá wo kàlẹ́ńdà, owó á dà bí òjò ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, á sì gbẹ láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì. Ẹni tó ń dúró de e bí àjọ tí ọjọ́ kíkó rẹ̀ ti pé, á yá owó ní oṣù Kìíní.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àwa tó wà ní Èkó ti mọ bí a ti ń ṣe é. Onílé tó háyà ṣọ́ọ̀bù ní Balógun, ọdọọdún ló ń gba owó rẹ̀, ó sì ń jẹun lóṣooṣù. Kì í ná owó ọdún yìí lọ́jọ́ tó gbà á. Ẹ ṣe dividend bẹ́ẹ̀. Ẹ ní àkáǹtì kan ṣoṣo tí gbogbo dividend ń wọ̀, kó má jẹ́ èyí tí káàdì POS wà lára rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ kó o lọ sí owó àjọpín tí wọ́n fi ń yá ìjọba àti báńkì fún ìgbà kúkúrú, èyí tí wọ́n ń pè ní money market fund, tí SEC fọwọ́ sí. Nígbà tí ọdún bá parí, ẹ ka gbogbo ohun tó wọlé, ẹ pín in sí 12, iye yẹn ni kí ẹ máa san fún ara yín lóṣooṣù lọ́dún tuntun. Owó ọdún tó kọjá lẹ ń ná. Tí ilé iṣẹ́ kan bá gé dividend rẹ̀ lónìí, ẹ ní títí di oṣù Kìíní tó ń bọ̀ kí ó tó kàn yín, kì í ṣe ọjọ́ tí owó iléèwé pé. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọdún àkọ́kọ́ ẹ kò ní jẹ nǹkan kan. Ó dùn mọ́ni tàbí kò dùn mọ́ni, ọdún kan yẹn ló ń ra ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ tún fi FGN Savings Bond há a, ìyẹn owó tí ẹ fi ń yá ìjọba àpapọ̀. Láti 2017 ló ti wà. ₦5,000 ni ó kéré jù, ₦50,000,000 ló pọ̀ jù, ọdún 2 tàbí 3, èlé rẹ̀ ń wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kò sì sí owó orí lórí rẹ̀. Oṣooṣù ni DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, ń ṣí i, alágbàtà yín lè bá yín rà á. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí ẹ má rà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Èyí tí ẹ rà ní oṣù Kìíní á san ní Kẹrin, Keje, Kẹwàá, Kìíní. Ti oṣù Kejì á san ní Karùn-ún, Kẹjọ, Kọkànlá, Kejì. Ti oṣù Kẹta á san ní Kẹfà, Kẹsàn-án, Kejìlá, Kẹta. Kò sí oṣù tí kò ní kan yín.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó:

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kó gbogbo ₦6,000,000 sínú bond kí wọ́n má bá ṣíà jà rárá?

Ìyálé_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́tà:

Torí iye tí bond bá fún yín ní oṣù Kẹrin, iye yẹn náà ló máa fún yín títí tó fi parí. Lẹ́yìn ọdún 3, èlé tuntun lè ti wálẹ̀. Zenith kúrò ní ₦3.10 dé ₦5 láàárín 2021 sí 2024. Bond kan kò lè ṣe ìyẹn. Bond fún oṣù tó gbẹ, ṣíà fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti fẹ́ lọ sínmi lọ́la, kó ra bond ju ṣíà lọ. Ẹni tó ṣì ní ọdún 9, ṣíà.

Èrè_Kíákíá247:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka 8% lọ́dún, ìṣẹ́ ń ṣẹ́ yín. A ní ètò dividend tó ń san 15% lóṣooṣù, owó yín kò lè sọnù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí inú àpótí mi.

AlágbàtàMàrínà:

15% lóṣù, tó bá ń padà sínú, ju 430% lọ lọ́dún. Ilé iṣẹ́ wo ló ń ṣe iṣẹ́ wo? Ẹ wá orúkọ wọn lórí ojúlé SEC, ẹ kò ní rí i. Òfin ìdókòwò tuntun ti ọdún 2025 fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn tí kò dín ní ₦20,000,000 sórí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olùdarí ojú-òpó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yọ ọ́ dànù.

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:

Mo ti kọ ọ́ jáde. Ẹ bá mi wò ó.

₦4,200,000 sí ṣíà, ilé iṣẹ́ 7, ₦600,000 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, báńkì 2 péré. ₦1,800,000 sí Savings Bond, ₦600,000 ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn. ₦100,000 tó ń wọlé lóṣù, ṣé kí n máa ra ilé iṣẹ́ 7 díẹ̀ díẹ̀?

AlágbàtàMàrínà:

Ètò yìí dúró. Kí n fi iye sí i. Ṣíà ní 8% kéde ₦336,000, ẹ gba ₦302,400, ìyẹn ₦25,200 lóṣù. Bond, ká ní èlé rẹ̀ jẹ́ 14%, fún yín ní ₦21,000 lóṣù. Àpapọ̀ ₦46,200. Ó jìnnà sí ₦150,000, ṣùgbọ́n owó gidi ni.

Kí ẹ lè rí i lójú: ₦600,000 lórí Zenith, ká ní ₦60 ló ń tà, lẹ́yìn owó àtirà á fún yín ní nǹkan bí ṣíà 9,820. Tó bá tún san ₦5, ó kéde ₦49,100, owó orí mú ₦4,910, ₦44,190 wọ àkáǹtì. Tí ohun tó wọlé bá kéré sí èyí tí ẹ ṣírò, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá wọ́n ra gbogbo ṣíà yín kí qualification date tó dé.

₦100,000 yẹn, ẹ má pín in sí 7. Ọ̀pọ̀ alágbàtà ní owó tó kéré jù tí wọ́n ń gbà lórí ìrajà kan, tí ẹ bá fi ₦14,000 péré ra ilé iṣẹ́ kan, owó iṣẹ́ yẹn á jẹ ẹ́. Ẹ kó o jọ oṣù mẹ́ta sínú money market fund, kí ẹ fi ₦300,000 ra ilé iṣẹ́ kan tàbí méjì tó ti rẹlẹ̀ jù nínú ìpín yín. Kì í ṣe èyí tó ń fò sókè lọ́wọ́.

Ohun kan tí a kò mẹ́nu kàn: tí ilé iṣẹ́ bá pe oníṣíà láti ra ṣíà tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní rights issue, ìwé rẹ̀ á dé, ọjọ́ rẹ̀ á sì ní òpin. Tí ẹ kò bá fẹ́ rà, ẹ sọ fún alágbàtà kó ta ẹ̀tọ́ náà lórí NGX kí àkókò tó kọjá. Ẹni tó dákẹ́ ni kì í gba nǹkan kan. Ìwé náà ń lọ sí àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ registrar, nítorí náà tí ẹ bá ti kó kúrò níbi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀, ẹ yí i padà.

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:

Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Fọ́ọ̀mù ni màá kọ́kọ́ lọ gbà lọ́jọ́ Ajé, kí n tó ra ohunkóhun.

Fọ́ọ̀mù_ni_Gbogbo_Ẹ̀:

Ẹ kọ́kọ́ ṣí CSCS lọ́dọ̀ alágbàtà, mà, torí fọ́ọ̀mù á béèrè CHN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá oníṣíà mọ̀. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa fún yín. Èyí tó fi lẹ́tà C bẹ̀rẹ̀ ni CHN, òun ni kò ń yí padà bí ẹ bá tilẹ̀ pààrọ̀ alágbàtà. Èkejì ni nọ́ńbà àkáǹtì CSCS. Àpótí ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní lórí fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń kọ wọ́n sí àpótí ara wọn.